Orúkọ Abẹ́ Àwòrán

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn ní Valparaíso,
Eleuterio kò kí mi káàbọ̀.
Pẹ́ńsù ló nà sí mi, kì í ṣe kámẹ́rà.
"Kámẹ́rà kò ní etí," ó ní, "ìwọ lo ni etí."
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ọmọ ogún ọdún, ojú tó mú bí abẹ,
kí ló fẹ́ fi pẹ́ńsù ṣe?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko
ni mo fi ń ya ohun tí àwọn àgbà ọ́fíìsì ń sá fún:
kòtò ojú títì, olórí ìlú tó ń gé ríbọ́ọ̀nù,
kábéèjì kan tó tóbi ju orí ẹni tó gbìn ín,
ajá mẹ́rin tó sùn lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́
bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.
Mo ya ìdíje bọ́ọ̀lù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin,
góòlù mẹ́ta wọ àwọ̀n, ọ̀kan kò wọ ọwọ́ mi:
káàdì kámẹ́rà wà lórí tábìlì nílé,
nídìí ife kọfí.

Mo ń retí èébú.
Eleuterio ká ṣòkòtò sókè, ó ki ìka bọ ìbọ̀sẹ̀,
ó yọ káàdì kan jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin abẹ́ adìyẹ.
"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé e káàkiri.
Èmi náà ti ya bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí."

Bí a ṣe ń rìn ló ń kọ́ mi,
ọ̀rọ̀ kan lórí àtẹ̀gùn yìí, òmíràn lórí ìyẹn,
torí òkè ni gbogbo ìlú náà, èémí rẹ̀ kò sì gùn mọ́:
"Bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé. Má bẹ̀rẹ̀ fún olóṣèlú.
Bí iná bá ń jó, ẹni tó ń wo iná ni kí o wò.
Béèrè orúkọ. Tún un béèrè."

Èyí tó gbẹ̀yìn ni mi ò gbọ́.

Oṣù kìn-ín-ní, ooru, ẹ̀fúùfù láti òkun;
iná mú igbó ẹ̀yìn òkè, ó sọ̀kalẹ̀ wá sáàárín ilé onípákó.
Páànù ń ká bí ewé gbígbẹ.
Àwọn panápaná ń fa rọ́bà omi,
èéfín ń fa èémí wa.
Ìyá àgbà kan jókòó sórí òkúta lójú ọ̀nà,
abọ́ ọ̀dùnkún lórí itan, ọ̀bẹ lọ́wọ́.
Ohun tó ń ṣe ló gbé sá jáde,
ó sì ń bá a lọ:
ó ń bó o, èèpo ń já bọ́, kò wẹ̀yìn.
Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́.
Ẹnìkan nínú èéfín ń pariwo, "Clotilde! Clotilde o!"
Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sáré.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ewé àkọ́kọ́:
"Ìyá àgbà Clotilde, níwájú ilé rẹ̀ tó ń jó."
Orúkọ tèmi wà létí àwòrán, wínníwínní,
kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀: Nayadet Oyarzún.
Màmá mi ra ẹ̀dà mẹ́fà.
Ọ̀sán ni tẹlifóònù dún.
Eleuterio gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
"Ológbò ni Clotilde," ó ní.

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ.
Èmi wo ilé tó ń jó,
mo sọ ìyá àgbà lórúkọ ológbò.

Èmi nìkan ni mo gun òkè padà. Eérú dé kókósẹ̀.
Ó wo ìwé ìròyìn náà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ rẹ̀ fún mi, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan,
bí ẹni tó ń ka owó sọ́wọ́ ọmọdé:
Edelmira Huenchumán.
Mo kúnlẹ̀ sínú eérú, mo kọ ọ́. Mo tún un béèrè.

"Gbogbo fọ́tò mi ló jóná," ó ní.
"Ìgbéyàwó, ọkọ mi nígbà ayé rẹ̀,
ilé náà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún.
Fún mi ní tìrẹ yìí.
Ilé mi ṣì wà lẹ́yìn mi níbẹ̀."

Mo ní iná ń jó o níbẹ̀.
"Ó ń jó, ṣùgbọ́n ó wà."

Ó bojú wo ìsàlẹ̀ òkè fún ìgbà díẹ̀.
"Kọ orúkọ mi sẹ́yìn rẹ̀ dáadáa.
Kọ ti Clotilde náà. Ó lè wálé."